Bí ẹ ṣe lè mú ọmọ lọ wo yunifásítì l'Ábẹ́òkúta, kó sì mọ ìlú náà kí ẹ tó padà

Òbí tó bá mú ọmọ wá wo FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, sábà máa ń gbé fọ́tò mẹ́ta padà sílé: ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan lórí Olúmọ, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù aláàdìrẹ. Ọmọ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹ bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń ti gáréèjì Kútọ̀ dé ọgbà iléèwé, kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọn omi. Kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ dá awakọ̀ kankan dúró. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin ni yóò lò níbẹ̀ tó bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ kọ́, márùn-ún fún iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ, mẹ́fà fún ìṣègùn ẹranko, ìyá àti bàbá ò sì ní sí nítòsí.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tó ń fọ́ ojú àlejò yìí kò fara sin: òbí ló ń béèrè ọ̀nà, òbí ló ń sanwó, òbí ló ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi ọmọ ní ìbéèrè. Ọmọ kàn ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ni, fóònù lọ́wọ́. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ọmọ ló máa ṣíwájú, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún òbí láti dákẹ́ nígbà tí ọmọ ń ṣìnà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ṣìnà nígbà tí ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ sàn ju kó ṣìnà ní aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, lóun nìkan.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Bàtà pẹlẹbẹ tí ò ń yọ̀, fún ẹ̀yin méjèèjì. Abẹ́òkúta kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má gbé bàtà onígìgísẹ̀ wá.

Owó wẹ́wẹ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ló ń fa ìjà jù nínú táksí, awakọ̀ á sì ti kì yín nílọ̀ kí ẹ tó wọlé pé "ẹ mú ṣéńjì yín dání o." Ẹ gba owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ oní-POS kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀dà èsì ìdánwò ọmọ, tó bá ti ní in, àti àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe JAMB. Ìwé kékeré kan àti bírò tó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ìbéèrè mẹ́wàá sínú rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ̀yin náà kọ tiyín sí ibòmíràn. Ẹ má bá a kọ tirẹ̀.

Agbòòrùn láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Páwà báǹkì. Máàpù Abẹ́òkúta tí ẹ ti gbà sórí fóònù, tí yóò ṣiṣẹ́ bí dátà bá tán.

Ìpele kìíní: Ẹ mú ọjọ́, kí ẹ sì mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé

Ẹ wá láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń fi Sátidé wá nítorí iṣẹ́, wọ́n á dé, wọ́n á bá ọ́fíìsì ní títì. Ẹ dé lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè, kí ẹ fi Tọ́sìdeè wo iléèwé láti àárọ̀, kí ẹ fi àárọ̀ Fúráìdeè wo ìgboro, kí ẹ sì padà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí ẹ tó mú ọ̀sẹ̀, ẹ rí i dájú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, pé wọn ò sí nísinmi tàbí lẹ́nu ìdánwò. Ọgbà tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ ò lè sọ òótọ́ kankan fún ọmọ yín.

Ọ̀nà tí ẹ bá gbà wọlé ló máa sọ ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ já sí. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn gba Ọmí-Àdió àti Ọ̀dẹ̀dá bọ̀ máa kan Oṣíẹ̀lẹ̀ àti Camp kó tó dé ìgboro. Níbi tí wọ́n ń pè ní Camp yìí ni ọ̀nà Alábàtà, tó lọ sí FUNAAB, ti yà. Torí náà, tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ ti ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí mọ́tò gbé yín dé Kútọ̀ kí ẹ tún wá ṣẹ́rí padà. Ní ti ará Èkó tó bá wọ mọ́tò, Kútọ̀ ló sábà máa ń bọ́ sí.

Ọkọ̀ ojú irin tó ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 náà dára, ó sì máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí: ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, Ládẹ̀rìn ló wà, lẹ́yìn ìlú. Ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti máa sùn, awakọ̀ tó bá sì rí i pé àlejò ni yín lè dá owó lé yín lórí. Ẹ ti mọ iye tí wọ́n ń gbà ṣáájú.

Ìkìlọ̀ kan tún wà nípa orúkọ. Iléèwé gíga l'Ábẹ́òkúta ju ẹyọ kan lọ, wọn ò sì sí lójú kan. FUNAAB wà lọ́nà Alábàtà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà l'Óṣíẹ̀lẹ̀. Pólì Moshood Abiola, tí gbogbo èèyàn ń pè ní MAPOLY, wà l'Ójèrè, apá ibòmíràn pátápátá. Ẹ lè so Alábàtà àti Oṣíẹ̀lẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan nítorí Camp lẹ máa gbà dé méjèèjì. Ẹ má so Òjèrè mọ́ wọn. Àwọn awakọ̀ tó ti dàgbà ṣì ń pe FUNAAB ní UNAAB, ibì kan náà ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé, ní kí ọmọ ya ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé sínú ìwé rẹ̀, kó kọ orúkọ ibi márùn-ún tí ẹ kọjá. Tí kò bá lè dárúkọ ju méjì lọ, ojú fóònù ló ń wò bọ̀. Ẹ má bá a wí. Ẹ kàn gbé ìpele kejì lé e lọ́wọ́ lọ́la.

Ìpele kejì: Ẹ gbé owó ọkọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́

Èyí ni ìpele tí mo kà sí pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn òbí máa ń fò.

1. Ní àárọ̀, kí ọmọ bi èèyàn mẹ́ta tí wọn ò jọ mọ ara wọn ní iye tí wọ́n ń gbà dé Camp: ẹni tó wà ní ibi ìgbàwọlé òtẹ́ẹ̀lì, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójú títì, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹ bá rí. Iye tí méjì nínú wọn bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni kó dì mú.

2. Kí ẹ ka owó ọjọ́ náà fún un, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ẹ̀yin méjèèjì, kó sì jẹ́ pé òun ló máa náwó títí di alẹ́.

3. Kó dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ìkíni ló ṣáájú: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, Camp ńkọ́? Èló ni?" Táksí tó ń kó èrò pọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, awakọ̀ kan lè kà á sí pé ẹ fẹ́ dá gbé gbogbo ọkọ̀, kó wá di ariwo nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ bi kó tó fẹsẹ̀ kan wọlé ni: "Ṣé ẹ máa kó èrò mìíràn sí i?"

4. Ní Camp, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sínú ọgbà. Ẹ má gba dírọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé kí ẹ dá gbé gbogbo ọkọ̀, láti òtẹ́ẹ̀lì dé iwájú ilé ìkàwé. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rìn nìyẹn, kò sì kọ́ ọmọ yín ní nǹkan kan.

Ibi tí àwọn òbí ti ń kùnà ni pé wọ́n á gbọ́ tí ọmọ ń fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀, ara wọn ò ní gbà á, wọ́n á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Camp la ń lọ jàre, èló lẹ fẹ́ gbà?" Ní kété tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ á padà sẹ́yìn yín, kò sì ní jáde mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjì jìnnà sí i. Ẹ máa wo ọ̀run. Ọ̀kadà nìkan ni mo gba òbí láyè láti kọ̀ jálẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀yin méjèèjì sórí ọ̀kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ọmọ mọ iye tó ná, ó mọ iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti bá awakọ̀ kan, ó kéré tán, ná owó. Tó bá san ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, ìpele náà ṣì yọrí.

Ìpele kẹta: Inú ọgbà iléèwé

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lè bi yín níbi tí ẹ ń lọ. Kí ọmọ dáhùn: orúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́, pé ó fẹ́ wo ọgbà. Ẹ mú ohun ìdánimọ̀ yín dání.

Ẹ má ka ilé, ẹ ka ọjọ́ kan nínú ayé akẹ́kọ̀ọ́. FUNAAB pín sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi ìnagijẹ pè wọ́n: COLVET fún ìṣègùn ẹranko, COLENG fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, COLPHYS fún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà, fisíìsì àti ìṣirò, COLPLANT fún ohun ọ̀gbìn, COLANIM fún ohun ọ̀sìn. Kí ọmọ ti mọ ti ẹ̀ka rẹ̀ kó tó dé. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni COLVET wà?" ni ẹnikẹ́ni á fọwọ́ tọ́ka sí láìdúró rò ó.

Ẹ tò ó báyìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ fẹ́, nígbà tí ara ṣì le, kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ jókòó síta gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, kí ẹ wo bí èrò ṣe ń wọlé: ṣé wọ́n rí ìjókòó, àbí wọ́n ń dúró lẹ́nu fèrèsé? Lẹ́yìn náà, ilé ìkàwé Nimbe Adedipe, tí wọ́n fi orúkọ olórí yunifásítì náà àkọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, oko.

Oko yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. FUNAAB jẹ́ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ sì máa ń lo ọdún kẹrin wọn lẹ́nu iṣẹ́ oko gangan: wọ́n á kọ ebè, wọ́n á bọ́ adìyẹ, wọ́n á ta irè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi iṣẹ́ àgbẹ̀ kún fọ́ọ̀mù JAMB nítorí wọ́n gbọ́ pé máàkì rẹ̀ rọ̀, láìrí ibi tí wọ́n ti máa jí láàárọ̀ kùtù gbá ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin kan nínú bàtà oko rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn ibẹ̀. Ọmọ kan á fi ojú yẹn sọ pé òun ò ṣe mọ́, òmíràn á tàn bí iná. Ọ̀kan kò burú ju èkejì lọ, ọdún márùn-ún lẹ fi gbà là. Ọgbà ẹranko náà wà nínú iléèwé, ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣègùn ẹranko kò gbọdọ̀ fò ó.

Nígbà tí ebi bá ń pa yín, ẹ pínyà fún wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pínyà. Kí ọmọ lọ jẹun níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun, kó mú ìwé ìbéèrè rẹ̀ dání, kó bi àwọn tó bá bá níbẹ̀ ní ohun tí wọn ò ní dáhùn lójú òbí: ta ni olùkọ́ tó le, ìgbà wo ni iná ń wá, kí ni wọ́n ṣe nígbà tí owó tán. Ẹ̀yin ẹ lọ bèèrè owó iléèwé àti ibùgbé ní ọ́fíìsì tó yẹ. Ẹ fi ibi kan àti àsìkò kan ṣe àdéhùn ìpàdé.

Ìkìlọ̀ ńlá: bí ẹnikẹ́ni, ì báà wọ kóòtù, bá pè yín sẹ́yìn pé òun lè bá ọmọ yín "ṣe" gbígbawọlé, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Orí ẹ̀rọ CAPS ti JAMB ni ìgbawọlé ń gbà jáde. Ẹni tó bá gba owó yín lábẹ́ igi ò lè tẹ bọ́tìnnì kankan níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé JAMB ti fi ọjọ́ orí tó kéré jù sí ọdún 16 fún àwọn tó fẹ́ wọlé. Ọmọ 14 tó mọ̀wé gan-an lè wá wo ọgbà, àmọ́ ẹ má tíì wá ilé fún un.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí ẹ bá pàdé, ọmọ ní ìdáhùn sí ó kéré tán mẹ́fà nínú ìbéèrè mẹ́wàá rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tó bá ní gbogbo nǹkan dára, kò bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan sọ̀rọ̀. Ẹ rán an padà.

Ìpele kẹrin: Wo ilé, má sanwó

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Camp. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ààyè nínú ọgbà ń gbé, àwọn mìíràn sì ń gba ilé lọ́nà Ọbáńtòkò tàbí Oṣíẹ̀lẹ̀. Ẹ wo yàrá méjì tàbí mẹ́ta. Yàrá kan tó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní self-con, ó sì wọ́n ju yàrá tí ẹ máa pín ilé ìwẹ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Kò sí ìdí láti san kọ́bọ̀ kan lọ́jọ́ yẹn. Ejẹ́ǹtì á sọ pé yàrá náà ti ń lọ, pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́la. Ọmọ tí kò tíì rí ìwé ìgbawọlé ò nílò yàrá. Àwọn kan máa ń gba owó lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fi ilé hàn yín pàápàá. Ẹ sọ pé ẹ ò ní, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ohun tí ọmọ máa wò nìyí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: Ṣé kànga ni àbí omi ẹ̀rọ, ṣé ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Yàrá mélòó ló ń lo mítà iná kan, ta ló sì ń ka owó iná jọ? Ṣé fèrèsé ní irin? Tí òjò bá rọ̀, níbo ni àgbàrá ń gbà? Ẹ má bi ejẹ́ǹtì ní èyí. Ẹni tó ń fọṣọ lẹ́yìn ilé ni kí ọmọ bi. Kó kí i dáadáa, kó dúró díẹ̀, òótọ́ á jáde.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ilé náà dé ojú títì nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ibi tó dára lọ́sàn-án lè ṣókùnkùn biribiri ní aago méje.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ọmọ lè sọ èyí tó máa yàn nínú àwọn yàrá náà, ó sì lè sọ ìdí rẹ̀ láìmẹ́nu kan táìlì àti kíkùn ilé.

Ìpele karùn-ún: Ẹ fi Olúmọ ṣe máàpù

Àwọn èèyàn ń gun Olúmọ nítorí fọ́tò. Mo fẹ́ kí ẹ gùn ún torí pé láti orí rẹ̀ ni ọmọ ti máa rí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀ Fúráìdeè, kí oòrùn tó mú òkúta gbóná. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ dúró kó gbẹ. Ó máa ń yọ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹsẹ̀ lè gbà gòkè: àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ, àti ojú ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín àpáta. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà fún àwọn tí orúnkún ń dùn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́, torí náà ẹ bèèrè lẹ́nu géètì kí ẹ tó sanwó. Ẹ gba afinimọ̀nà kan. Ibi ìsìn wà lára àpáta náà, àwọn tó ń bọ ọ́ sì ṣì wà. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni tàbí ojúbọ ní fọ́tò.

Tí ẹ bá dókè, ẹ má tíì mú fóònù jáde. Kí ọmọ kọ́kọ́ dúró kó nawọ́:

1. Odò Ògùn wà lápá ìwọ̀ oòrùn, Lafẹ́nwá sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Kó fi ọwọ́ tọ́ka sí i.
2. Kó wá Ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ní Aké. Àfin Aláké wà lágbègbè yẹn.
3. Kó kọjú sí ìlà oòrùn òun àríwá. Ọ̀nà Camp àti Alábàtà nìyẹn. Kò ní rí iléèwé láti ibẹ̀, àmọ́ ó ti mọ apá ibi tó wà.
4. Ní báyìí, ẹ lè ya fọ́tò.

Láti Olúmọ, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìtòkú. Kò jìnnà. Kí ọmọ má lo máàpù, kó máa béèrè ọ̀nà. Ọjà àdìrẹ ni Ìtòkú, ibẹ̀ sì ni ẹ ti máa fi owó tó kù kọ́ ọ ní ìnájà. "Ẹ kú ọjà o, mà" ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń rẹ aṣọ, "Àrẹ̀dú o" ni a fi ń kí wọn. Ẹ ó rí bí ojú wọn ṣe máa là.

Ibi tí àlejò ti ń ṣubú ni aṣọ ẹ̀rọ. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sórí aṣọ láti òkè òkun, wọ́n sì ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó. Ẹ yí aṣọ náà padà. Ti ojúlówó, aró ti wọnú òwú, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí iwájú. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn sábà máa ń ṣá ju iwájú lọ, bátànì á sì dọ́gba délẹ̀ láìsí ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀. Ì báà jẹ́ oníko tí wọ́n fi ìko dì, aláàbẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, tàbí ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà fi hàn yín bí wọ́n ṣe ṣe é. Tí ẹ bá délé, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀, nítorí aró tuntun máa ń ṣí.

Tí àkókò bá ṣẹ́kù, ilé ìkàwé Ọbásanjọ́ wà ní Òkè-Mosàn, ó ní mùsíọ́mù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀kan lẹ lè ṣe, ẹ mú ọjà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní Ìtòkú, ẹ dá ọmọ dúró lójijì kí ẹ ní kó nawọ́ sí apá Olúmọ, apá odò, àti apá Camp. Tó bá gba méjì, ìlú ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìpele kẹfà: Oúnjẹ

Kúkúrú lèyí. Ẹ jẹ láfún tàbí ìrẹsì ọ̀fadà lẹ́ẹ̀kan ní búkà tí àwọn ará ìlú ń jẹ, kì í ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Kí ọmọ wo iye rẹ̀, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lóòjọ́, lọ́nà ọgbọ̀n ọjọ́. Ìṣirò yẹn ni yóò fi mọ ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé gààrí láti ilé wá.

Ìpele keje: Ìpadà sílé

Ọmọ ló máa wá mọ́tò ní gáréèjì, ẹ̀yin á kàn wọlé jókòó. Nínú ọkọ̀, ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ràn iléèwé náà. Bí ẹ bá bi í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sọ ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́, nítorí owó tí ẹ ti ná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó wá jókòó tì yín pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kó ka ohun tó kọ, kí ẹ̀yin náà ka tiyín, kí ẹ tó jọ sọ ohun tó máa wà ní àyè kìíní lórí fọ́ọ̀mù JAMB.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ pe àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ àdúgbò kan tí kò dé Abẹ́òkúta rí. Kí ọmọ ṣàlàyé fún un, láìwo ìwé, bó ṣe máa ti gáréèjì Kútọ̀ dé ẹnu kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, iye tó máa san, àti ohun tó máa sọ fún awakọ̀. Tó bá dákẹ́ lágbedeméjì, ẹ wo ibi tó dákẹ́ sí: ìpele yẹn lẹ máa tún ṣe nígbà tí ẹ bá padà wá.